Jókòó sí Ìsọ̀ Kí O Tó Kọ Áàpù: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ọlọ́jà Kékeré Nílò

Ìyá kan tó ń ta gàrí ni mo kọ áàpù àkọ́kọ́ mi fún. Ìsọ̀ wọn wà nínú ọjà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo lọ bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lé itan, mo sì da ìbéèrè bò wọ́n fún wákàtí kan gbáko: àpò mélòó lẹ ń rà, èló lẹ ń rà á, èló lẹ ń tà á, kóńgò mélòó ló wà nínú àpò kan? Wọ́n dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀. Mo padà sílé, mo jókòó ti iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì gbé áàpù tó dára lójú dé. Kí oṣù kan tó pé, áàpù yẹn ti sọ ọmọ tó ń bá wọn tajà di olè.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ọmọ náà bá ta kóńgò kan, áàpù á yọ kóńgò kan kúrò nínú àpò. Ṣùgbọ́n ìyá kì í ta kóńgò kan géérégé fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á bu gàrí sí kóńgò títí á fi kún, wọ́n á fi apá òsì gbá etí rẹ̀ ká kí òkìtì orí rẹ̀ lè ga sí i, wọ́n á máa bù lé e títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya sílẹ̀, kí wọ́n tó dà á sínú ọ̀rá. Oníbàárà kò ní gbé ọ̀rá kúrò. Á ní, "Ìyá, ẹ ṣe ènì fún mi o." Ìyá á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn kò sí nínú áàpù mi, òkìtì yẹn náà kò sí níbẹ̀. Bí àpò kọ̀ọ̀kan bá ti ń tán, áàpù á ní kóńgò mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣì kù, bẹ́ẹ̀ àpò ti gbófo. Ìyá sì gba fóònù gbọ́ ju ọmọ lọ, torí wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í ṣìrò. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá, mo sọ pé èmi ni mo ṣìṣe, mo sì pa áàpù náà rẹ́ lójú wọn. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò parọ́ fún ìyá, ìyá náà ò parọ́ fún mi. Mo kàn béèrè kí n tó wò ni. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí ìwọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bóyá ní LAUTECH tàbí nínú yàrá rẹ, mọ ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí. Àwọn ìlànà ńlá ti àgbáyé wà lórí bí a ṣe ń kọ ohun tí áàpù gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀: IEEE 830 ti ọdún 1998, àti ISO/IEC/IEEE 29148 tó rọ́pò rẹ̀ ní 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2018. Kà wọ́n, wọ́n dára. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ní ọ̀gá, akọ̀wé àti akápò ni wọ́n ń bá wí. Nínú ìsọ̀ tí à ń sọ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ gbogbo wọn, ó tún gbé ọmọ pọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: wá ẹni tí yóò mú ọ dé ibẹ̀

Má dá lọ. Nínú ọjà, jẹ́ kí ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ mú ọ dé ìsọ̀. Ní àwọn abúlé Oríire, Surulérè àti Ògo-Olúwa tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká, jẹ́ kí baálẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé o wọ̀lú. Ẹni tó bá gbé ìwé àti báírò dání, tó ń béèrè iye tí ènìyàn ń pa, agbowó orí ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ pè é lọ́kàn. Sọ ohun tí o wá ṣe, kí o sì sọ ohun tí o kò wá ṣe: o ò gba owó orí, o ò yáni lówó, o ò kó orúkọ jọ fún olóṣèlú.

Má dé ìsọ̀ kí wọ́n tó tajà àkọ́kọ́ láàárọ̀. "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Lẹ́yìn náà, ra nǹkan. Èmi máa ń ra kóńgò kan, owó mi ni mo sì fi ń rà á, torí ojú oníbàárà ni mo fẹ́ fi wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: jókòó, má tíì béèrè nǹkan kan

Ọjọ́ ọjà kan odidi ni, láti ìgbà tí wọ́n bá ti tajà àkọ́kọ́ títí wọ́n á fi palẹ̀ mọ́. Fi láàpútọ́ọ̀pù sílé. Ohun tí ò ń wá ni ibi tí ìṣirò wọn ń gbé, torí kò sí ọlọ́jà tí kò ní ìṣirò, bó mọ̀wé bí kò mọ̀wé. Mo ti rí ìlà ṣọ́ọ̀kì lára ògiri, márùn-ún márùn-ún. Mo ti rí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, ọ̀kan fún garawa epo kọ̀ọ̀kan tó jáde. Mo ti rí kókó tí wọ́n ta sí etí ìborùn.

Ní Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń fín igbá, mo jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí kí n tó mọ̀ pé pẹpẹ tó wà lẹ́yìn wọn ni ìwé wọn. Igbá tó ṣíjú sókè, olówó rẹ̀ ti san tán, ó kù kó wá gbé e. Igbá tó dojú délẹ̀, ó ti san díẹ̀. Igbá tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ, kò tíì san kọ́bọ̀, bàbá kò sì ní fi ọ̀bẹ kàn án. Ká ní mo ti bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀?", wọ́n á ní rárá, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ. Bàbá ò nílò áàpù tó máa rọ́pò pẹpẹ wọn. Ohun kan ni pẹpẹ ò lè ṣe: bí oníbàárà bá pè wọ́n nílé lálẹ́, pé "Bàbá, èló ló kù lọ́wọ́ mi?", pẹpẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo kọ fún wọn nìyẹn, kò sí òmíràn.

Bó o ṣe jókòó yẹn, bi ara rẹ pé: bí iná bá jó ibí yìí lóru òní, kí ni wọ́n á fi mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó? Iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ìjọba tún ọjà náà kọ́. Ìwé gbèsè tó bá jóná mọ́ ìsọ̀, ta ló fẹ́ tún ìyẹn kọ? Nítorí náà, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tó wà níbòmíràn máa ń wà lára ohun tí mo kọ pé áàpù gbọ́dọ̀ ní, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn

"Kí lẹ fẹ́ kí áàpù yín máa ṣe?" Má béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dún bí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn tó ní ìtẹríba kì í fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Ohun tí wọ́n rò pé o fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní, "Èyí tí ẹ bá ṣe náà ló dáa." Ìwọ á wá lọ ṣe tìrẹ.

Béèrè bí èyí: Ta ló rajà àwìn gbẹ̀yìn? Kí lẹ fi rántí rẹ̀? Ìgbà wo ni owó ọwọ́ yín kò bá ọjà tó jáde mu gbẹ̀yìn, kí lẹ sì ṣe? Ta lẹ kọ̀ láti tajà àwìn fún, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ tà fún un? Lẹ́yìn náà, dákẹ́, jẹ́ kí ìtàn wá. Ibi tí wọ́n bá ti pòṣé ni kí o kọ sílẹ̀ lọ́nà tí wọ́n gbà sọ ọ́, má tún un sọ.

Èrè ńkọ́? Má béèrè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà kì í fẹ́ kí àlejò ka àpò tó wà nílẹ̀ sókè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán, ó kan áàpù náà: ìyá kan tó ń ta aṣọ ní kí n gbé àpapọ̀ owó kúrò lójú fóònù pátápátá, torí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn wọn lè rí i. Àfi tí wọ́n bá di ìka mọ́ ọn ló tó máa yọ báyìí.

Kí o tó kúrò, bá ọmọ tó ń bá wọn tajà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, lójútáyé, kí ìyá mọ̀ sí i. Ọmọ yẹn ló mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá bá lọ sí oko rajà. Ká ní mo ti bá ọmọ onígàrí sọ̀rọ̀ níjọ́ kìíní, òun ni ì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ènì fún mi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òṣùwọ̀n, owó àti ọjọ́

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Rọra ṣe é.

Wo kóńgò tí wọ́n fi ń rà àti èyí tí wọ́n fi ń tà, torí méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná kan wá, tọrọ àyè, kí o sì wọn kóńgò mẹ́wàá bí wọ́n ṣe ń tà á fún oníbàárà gan-an, tòkìtì tènì. Wọn ti ìyá lọ́tọ̀, wọn ti ọmọ lọ́tọ̀. Nígbà tí mo padà lọ ṣe èyí lọ́dọ̀ ìyá onígàrí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kóńgò kan àti èkejì pọ̀ débi pé mo yọ kíka kóńgò kúrò pátápátá. Ohun tí áàpù kejì ń béèrè kò ju méjì lọ: ọjọ́ wo lẹ ṣí àpò yìí, èló lẹ sì ti pa lórí rẹ̀ nígbà tó tán? Bí owó àpò kan bá fi púpọ̀ kéré sí ti mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó máa sọ̀rọ̀. Ènì ti wà nínú ìṣirò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á, kò sì sí ẹni tí fóònù ń pè lólè.

Owó náà ní tirẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá sọ pé "àpò márùn-ún" nínú ọ̀rọ̀ owó, má kọ àpò gàrí márùn-ún sílẹ̀. ₦1,000 ni wọ́n ń sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà 2 sí pọ́n-ùn 1. Àpò kan tó jẹ́ 100 pọ́n-ùn wá di ₦200, orúkọ náà ò sì kúrò lẹ́nu àwọn tó bá a dàgbà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ iye kan, kọ ọ́ ní nọ́ńbà, fi hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ ló máa ń mú àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà jù. Ọ̀pọ̀ ọjà abúlé wa, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ọrún yẹn jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé lónìí, Jímọ̀ ló tún kàn, lẹ́yìn ìyẹn Ìṣẹ́gun. Áàpù tó bá ń kó ìṣirò jọ ní "ọ̀sẹ̀" olọ́jọ́ méje á fi ọjà kan hàn ní ọ̀sẹ̀ kan, á fi méjì hàn ní òmíràn, ìyá á sì rò pé ọjà ń kú. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ìsán náà wà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Béèrè èyí tó jẹ́ tiwọn, kí o tó fi kàlẹ́ńdà kankan síbẹ̀.

Ọjọ́ ìsangbèsè kì í sì í ṣe ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà. "Tí mo bá ti ta kaṣú." "Tí alájọ bá ti kó owó mi fún mi." "Lọ́jà tó ń bọ̀." Bí fọ́ọ̀mù rẹ bá fi dandan béèrè déètì, wọ́n á kàn mú ọjọ́ kan lásán, fóònù á wá máa han létí wọn nígbà tí gbèsè ò tíì tó san. Jẹ́ kí áàpù gba ọ̀rọ̀ tí onígbèsè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Níbi tí a dé yìí, béèrè nípa àjọ náà: bí wọ́n bá ń dá a lójoojúmọ́, ìdákan inú oṣù jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Áàpù tí kò mọ èyí á sọ pé owó ọjọ́ kan ti sọnù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fóònù ta ni?

Béèrè kí wọ́n fi fóònù tí wọ́n máa lò hàn ọ́. Kì í ṣe fóònù tìrẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ rà. Bóyá fóònù tọ́ọ̀ṣì oníbọ́tìnnì ni. Bóyá Android ni, àmọ́ ọmọ máa ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Bóyá fídíò WhatsApp ti kún inú rẹ̀, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn. Níbo ni wọ́n ti ń fi iná sí i, èló ni wọ́n sì ń san? Dúró sí inú ìsọ̀ gan-an, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kí o wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ti gbà báyìí pé gbogbo áàpù tí mo bá kọ fún ọlọ́jà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì fi nǹkan ránṣẹ́ nígbà tó bá rí i.

Wo ọwọ́ wọn. Epo pupa wà lára ìka ẹni tó ń ta epo. Omi ata wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ata. Bọ́tìnnì kékeré kò ní gbọ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Wo ojú wọn náà: bí wọ́n bá na fóònù jìnnà kí wọ́n tó lè kà á, mú kí nọ́ńbà tóbi. Bí Yorùbá lo bá fẹ́ kọ sójú rẹ̀, rí i pé fóònù yẹn gbé àmì rẹ̀ yọ. Owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Láti ìgbà tí owó bébà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ìyá tí kò gba tíránsífà rí ti wá ń gbà á. Béèrè àkáǹtì ẹni tí owó ń wọ̀. Mo mọ ìyá kan tó jẹ́ pé ti ọmọ wọn ní Ìbàdàn ni. Ọmọ á rí àláàtì, á pe ìyá lórí fóònù, oníbàárà á máa dúró. Ká ní mo kọ áàpù tó ń ka àláàtì lórí fóònù ìyá, òfo ni ì bá já sí.

Orúkọ onígbèsè kì í sì í ṣe tìrẹ. Nàìjíríà ti ṣe òfin ìdáàbòbò dátà ní 2023, ṣùgbọ́n kó tó di òfin, ẹni tí gbogbo àdúgbò bá mọ̀ pé ó jẹ gbèsè gàrí ti rí ìtìjú. Má ya fọ́tò ìwé gbèsè. Bí o bá nílò àpẹẹrẹ, fi orúkọ èké dípò tòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbé ọmọ ayò lé wọn lọ́wọ́

Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí níwèé mọ MoSCoW, ọ̀nà tí a fi ń to ohun tó ṣe pàtàkì jù síwájú, tí Dai Clegg gbé kalẹ̀ ní 1994: èyí tí kò gbọdọ̀ má sí, èyí tó yẹ kó wà, èyí tó lè wà, èyí tí kò ní sí lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́jà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ má sí, torí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ò wúlò.

Ayò ló yọ mí. Ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan tí áàpù lè ṣe sórí bébà, má jẹ́ kó ju mẹ́fà lọ. Fún wọn ní ọmọ ayò méjìlá. "Ìyá, ẹ pín in sórí ohun tó bá ká yín lára." Kò sí pé wọ́n ń sọ pé ohunkóhun kò wúlò, wọ́n kàn ń pín ọmọ ayò. Ìyá kan kó méjèèjìlá sórí "ta ló jẹ mí", ó sì ká ọwọ́ gbera. Àwòrán èrè oṣooṣù tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin rò kò rí ọmọ ayò kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ keje: fi páálí ṣe fóònù

Gé páálí indomie bí fóònù ṣe tóbi tó. Fi máàkà ya ojú áàpù sí i, ojú kan sórí páálí kan. Nígbà tí oníbàárà tòótọ́ bá dé, jẹ́ kí ìyá tẹ páálí, kí ìwọ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé fóònù ni. Kíyè sí ibi tí ìka wọn bá ti dúró lófuurufú. Bí oníbàárà bá ti gba ọjà tán, tó ti yí ẹ̀yìn padà, tí ìyá ṣì wà lórí páálí kẹta, ó ti gùn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, kà á sókè

Ojú ìwé kan, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Jẹ́ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí a lè dán wò. "Áàpù gbọ́dọ̀ yára" kò tó. Kọ ọ́ báyìí: "Bí ìyá bá tẹ orúkọ ẹnì kan, iye tó jẹ gbọ́dọ̀ ti yọ kí oníbàárà tó fọwọ́ kan àpò owó rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Kọ ohun tí áàpù kò ní ṣe sí ìsàlẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì tó ti òkè. Kà á fún wọn, ọmọ wọn tó mọ̀wé jókòó tì wọ́n, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn.

Bí o bá kà á tán, tí o rí i pé ìwé tí a fa ìlà sí dáadáa àti báírò tí a so mọ́ ọn á ṣe gbogbo rẹ̀, sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi rúlà fa ìlà sí ìwé náà fúnra mi, mi ò sì gbowó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: padà lọ

Lẹ́yìn tí o bá ti gbé áàpù fún wọn, jẹ́ kí ọjà méjì kọjá, kí o wá padà lọ jókòó sí ibi tí o jókòó sí níjọ́ kìíní. Má béèrè bóyá ó dáa. Wọ́n á ní ó dáa. Wo ògiri, bóyá ìlà ṣọ́ọ̀kì tuntun wà níbẹ̀. Wo agolo òkúta. Bí ìwé àtijọ́ bá ṣì wà lábẹ́ àpótí ìjókòó, tọrọ àyè kí o ṣí i sí ojú ìwé tó kẹ́yìn, kí o wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lánàá tí wọn kò kọ sínú fóònù. Nígbà tí mo ṣí ti ìyá onígàrí, orúkọ méjì ni mo bá níbẹ̀, kò sí iye kankan níwájú wọn. "Àwọn yẹn ò jẹ mí lówó," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo jẹ wọ́n ní ṣéńjì." Mo gbé ìwé mi jáde.